Ẹ Bèèrè Waya Kí Ẹ Tó Bèèrè Ẹ̀rọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lápá Tákìé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, ló já bọ́ látorí igi máńgòrò, ọrùn ló sì fi balẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje báyìí tó ti wà ní ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), ẹ̀rọ ló ń bá a mí, wọ́n ti lu ihò sí i lọ́rùn. Ojú rẹ̀ là, ó mọ gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé. Ẹnì kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: òyìnbó kan so àpótí kékeré mọ́ ìgbànú, wọ́n ní iná inú àpótí náà ló ń mú un mí, kò lo ẹ̀rọ ńlá mọ́. Mo wá rí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ oníná kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà, 180,000 náírà, ó ní iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ṣé kí n rà á? Ṣé kì í ṣe iná tó ń pa èèyàn nìyẹn? Ṣé ohùn àbúrò mi ṣì lè padà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kánjú: ẹ má ra ẹ̀rọ yẹn. Mo mọ ìṣe àwọn tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pè yín láàárọ̀, wọ́n á pè yín lálẹ́, wọ́n á ní ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kó kù. Tí a bá dé ibẹ̀, màá sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí nínú fídíò kì í ṣe irọ́. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn mímú kí ara tó rọ máa gbé padà, ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, iná kékeré sì jẹ́ ọ̀kan nínú irinṣẹ́ wa. Òun la fi ń ta apá àti ẹsẹ̀ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù jí. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé iná lè mú èèyàn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé fídíò kì í fi ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ fún hàn.

Ẹ̀yin náà á ti dúró ti ẹni tó ń kun ewúrẹ́ rí nígbà Iléyá tàbí Kérésì. Fùkù àti ọkàn wà lókè, ẹ̀dọ̀ àti ìfun wà nísàlẹ̀. Láàrin méjèèjì, ẹran pẹlẹbẹ kan wà, ó nà tàn-ín bí awọ ojú ìlù, etí rẹ̀ pupa, àárín rẹ̀ funfun. Alápatà a kàn fi ọ̀bẹ gé e kọjá ni, kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ lọ́jà. Ẹran yẹn la fi ń mí. Àwọn dókítà ń pè é ní diaphragm. Ẹran ààlà lèmi ó máa pè é níbí. Lára èèyàn, ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ sábẹ́ egungun ìhà. Tó bá fà, igbá náà á tẹ́ sílẹ̀, inú àyà á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gba imú wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá dẹ̀, igbá á padà sókè, afẹ́fẹ́ á jáde. Nígbà tí ọmọ ọwọ́ bá ń ṣe òsúkè, tí ìyá rẹ̀ ń já fọ́nrán òwú lé e lórí, ẹran ààlà yìí ló ń ta fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ.

Àṣẹ rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti ń wá. Ó ń gba inú okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Ní ibi ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ní ọrùn, tí a bá kà á láti òkè wá, ó yà jáde sínú iṣan méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Iṣan méjèèjì á gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn lọ bá ẹran ààlà. (Iṣan tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ o, èyí tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ ni. Phrenic lorúkọ tí wọ́n ń pè é.) Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní orin kékeré kan tí wọ́n fi ń há nọ́ńbà mẹ́ta yẹn sórí, torí ibẹ̀ ni ìyè àti ikú ti ń pàdé lọ́rùn.

Ẹ wá wò ó bí iná NẸ́PÀ. Ọpọlọ ni tiransifọ́mà. Okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni waya orí òpó. Iṣan phrenic ni waya inú ilé, ẹran ààlà sì ni gílóòbù. Tí igi bá wó lu waya orí òpó, ilé ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n tí waya inú ilé kò bá jóná, tí gílóòbù sì dára, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, iná á dé. Àpótí ara ìgbànú òyìnbó yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni. Tó bá wá jẹ́ waya inú ilé gan-an ló jóná ńkọ́? Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ tó tóbi tó ilé wá, gílóòbù kò ní tàn.

Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ lókè, níbi ìkíní tàbí ìkejì, waya inú ilé rẹ̀ sábà máa ń wà láàyè nísàlẹ̀ ibi tó ti bàjẹ́. Kò kàn rí àṣẹ gbà ni. Irú wọn ni iná yìí wà fún. Ẹni tó jẹ́ ibi ìkẹta sí ìkarùn-ún gan-an ló tẹ̀ fọ́, gbòǹgbò iṣan phrenic fúnra rẹ̀ lè ti kú níbẹ̀, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìkarùn-ún, tàbí tó jẹ́ pé okùn náà kàn wú ni, lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúnra rẹ̀ láìsí iná kankan tí wọ́n bá fara balẹ̀ yọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà yín kò sọ ibi tí ti àbúrò yín wà. Ẹ bi dókítà rẹ̀ léèrè, ẹ jẹ́ kó kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé fún yín.

Kí ẹ tó rí i bi, ẹ wo ohun kan. Ẹ ní kó gbìyànjú àtiká ìgbọ̀nwọ́, kódà kó jẹ́ ìka kan péré ni apá náà fi sún. Ibi ìkarùn-ún ni agbára àtiká ìgbọ̀nwọ́ ti ń wá jù. Tó bá lè ká a, ẹ sọ fún àwọn dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó ṣeé ṣe kí waya rẹ̀ wà láàyè, kó má sì nílò ohun tí ẹ rí nínú fídíò rárá. Tí kò bá lè ká a, ẹ má sunkún lójú rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò tíì parí ẹjọ́.

Ẹ bèèrè bóyá iná tó ń pa èèyàn kọ́ nìyẹn. Iná kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀, bí omi tí à ń mu àti omi tó ń gbé ilé lọ. Iná inú ilé wa wá ní fọ́ltì 220 sí 240, ó sì ń ṣàn láìdúró. Ti àpótí yìí ń ta ni, ó ń dá. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìtaná kọ̀ọ̀kan kò gbà tó ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó máa ta léraléra fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹran ààlà á fà, èémí á wọlé. Á dákẹ́, ẹran á dẹ̀, èémí á jáde. Á ṣe é bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 12 láàrin ìṣẹ́jú kan, tọ̀sán tòru.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ní 1818, ní ìlú Glasgow ní Scotland, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Andrew Ure gba òkú ọ̀daràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹgi fún. Ó tú iṣan phrenic rẹ̀ síta lọ́rùn, ó fi iná bátìrì kàn án, ó fi ìdí kejì kan abẹ́ ìhà. Àyà òkú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, ikùn ń yọ, ó ń wọlé, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Òkú kò jí o. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ rí i pé ẹran ààlà kò mọ̀ bóyá ọpọlọ ló pè é tàbí bátìrì. Ní 1948, Stanley Sarnoff àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi irú iná bẹ́ẹ̀ bá alààyè tí èémí ti dá dúró lára rẹ̀ mí. Láti àwọn ọdún 1960, William Glenn ní yunifásítì Yale bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi rédíò sábẹ́ awọ: ohun tó ń gbà wà nínú ara, ohun tó ń rán wà níta, kò sí waya tó ń gba awọ kọjá.

Èyí tó wà nínú fídíò yín jọ ti dókítà Raymond Onders ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Wọ́n á lu ihò kéékèèké sí ikùn, wọ́n á ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́, wọ́n á sì wá ibi tí iṣan ti wọ inú ẹran ààlà. Waya mẹ́rin tín-ín-rín ni wọ́n ń rì bọnú ẹran náà, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ìkarùn-ún á wà lábẹ́ awọ kí iná lè rí ọ̀nà padà. Orí waya á yọ síta, ibẹ̀ ni wọ́n ń so àpótí mọ́. Christopher Reeve, òṣèré tó ṣe Superman, tí ẹṣin gbé ṣubú ní 1995 tí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́ lókè pátápátá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ní 2003. Ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ náà láyè ní 2008 fún àwọn tó fara pa lọ́rùn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí nígbà tí ẹ̀rọ ICU wà? Ẹ̀rọ ń ti afẹ́fẹ́ wọlé ni, bí ẹni ń fẹ́ táyà. Ẹran ààlà ń fà á wọlé ni, bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ẹni tó ń gba ihò ọrùn mí kì í gbóòórùn nǹkan, torí afẹ́fẹ́ kò kan imú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lè dín dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀ àyàfi tó bá rí i. Tí afẹ́fẹ́ bá tún gba imú wọlé, òórùn á padà. Ariwo ẹ̀rọ á dákẹ́, ó sì lè jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tì í jáde lọ sábẹ́ igi láìgbé ẹ̀rọ ńlá tẹ̀ lé e.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Fídíò kò fi hàn yín pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá rì waya náà, kì í ṣe ọjọ́ náà ni wọ́n ń pa ẹ̀rọ ńlá. Ẹran tí kò ṣiṣẹ́ a máa gbẹ. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde jáde ní 2008: wọ́n wo ẹran ààlà àwọn tí ẹ̀rọ ti bá mí fún wákàtí 18 sí 69 péré, tí ẹran náà kò fà rárá, fọ́nrán rẹ̀ sì ti tín-ín-rín kọjá ìdajì. Wákàtí ni mo wí, n kò wí ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dá a padà sórí ẹ̀rọ, ọ̀la wọ́n á fi díẹ̀ kún un, títí fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù.

Iná yìí kì í sì í húkọ́ fún èèyàn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣì nílò ọwọ́ tó máa ti ìsàlẹ̀ ìhà sókè nígbà tó bá fẹ́ hú u, àwa físíò la ń kọ́ àwọn ẹbí ní èyí. Tó bá sùn, ọ̀nà ọ̀fun lè rọ̀ dí nígbà tí àpótí ń fa afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi dí ihò ọrùn náà. Bátìrì lè kú. Waya lè já.

Ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, iná lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, jẹnẹrétọ̀ fà tì, bátìrì ẹ̀rọ sì parí lójú wa. Bí a bá ní ká máa wo ara wa, ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì á ti lọ. Nọ́ọ̀sì kan fa àpò rọ́bà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún, ó so ó mọ́ ihò ọrùn ọkùnrin náà. Èmi àti ẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ara wa: fún, jẹ́ kó jáde, ka ení, èjì, ẹ̀ta, fún. Ogójì ìṣẹ́jú. Ọkùnrin náà kò wo ojú mi, ọwọ́ mi ló ń wò. Tí mo bá pẹ́ díẹ̀ kí n tó fún un, ojú rẹ̀ á yọ. Láti ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wò tí mo bá wọ yàrá ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí ni àpò yẹn. Ẹ wá ti àbúrò yín lónìí, ẹ ní kí wọ́n kọ́ ẹ̀yin àti ẹnì kejì nínú ilé bí wọ́n ṣe ń fún un. Kò sí ẹ̀rọ kankan, ìbáà jẹ́ ti Cleveland, tó mú àpò yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ sì má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iná yìí dára fún gbogbo èémí tó kúrú. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ALS, tó ń pa iṣan fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rò pé iná á ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dán an wò lára àwọn 74, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015: ìdajì àwọn tí wọ́n fi iná kún ìtọ́jú wọn ti kú kó tó pé oṣù 11, nígbà tí ti àwọn tó lo ẹ̀rọ tó ń gba ìbòmú ti afẹ́fẹ́ wọlé nìkan tó oṣù 22 àbọ̀. Waya tó ń kú lọ, iná kò sọ ọ́ jí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ti 180,000 yín. Mo mọ irú ẹ̀rọ yẹn dáadáa: àpótí, waya méjì tàbí mẹ́rin, àti ìlẹ̀mọ́ rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ awọ. A ní irú rẹ̀, fún ìrora ẹ̀yìn àti orúnkún. Iná rẹ̀ kò kọjá ẹran tó wà lábẹ́ awọ. Ẹran ààlà wà nínú lọ́hùn-ún lẹ́yìn egungun ìhà. Ẹran àyà lásán ni ẹ ó rí tó ń ta pún-pún, ẹ ó sì rò pé ó ń mí. Ìlànà ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ sábà máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé e gba àyà kọjá nítorí ọkàn, kí wọ́n má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọrùn. Èyí tó burú jù fún irú àbúrò yín ni pé kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìlẹ̀mọ́ lè jó awọ rẹ̀, kó má sọ. Ara ẹni tí okùn ọrùn rẹ̀ bàjẹ́ sì lè dáhùn sí ìrora tí kò mọ̀ yẹn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru òjijì: orí á máa fọ́ ọ, ojú á pọ́n, òógùn á bò ó láti ọrùn sókè. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ nítorí aṣọ tó ká jọ sábẹ́ ìdí lásán.

Ohun tí ẹ máa fi owó yẹn ṣe ni àyẹ̀wò waya. Wọ́n á fi iná kékeré ta iṣan náà lọ́rùn, wọ́n á sì fi skáànù wo bóyá ẹran ààlà fà, lọ́tùn-ún àti lósì. Skáànù tí wọ́n fi ń wo oyún náà lè rí i, tí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wà nídìí rẹ̀. Tí wọn kò bá lè ṣe é níbi tí ẹ wà, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé yín sí Ìbàdàn. Tí ó bá fà, ọ̀nà méjì ló ṣí: kí wọ́n gbìyànjú láti já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, tí ìyẹn bá kọ̀, kí ẹ wá máa bèèrè bí wọ́n ṣe ń dé ibi tí wọ́n ti ń rì waya. Èmi ò tíì rí ẹnì kan tí wọ́n rì í fún ní agbègbè wa, kò sì ní rọrùn lápò. Tí kò bá fà, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí fídíò.

Nígbà tí wọ́n bá ń já a gbà, ẹ lè rí i pé wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja dípò kí wọ́n gbé e jókòó. Ẹ má bá wọn jà. Àwa tí ara wa pé, ìjókòó ló ń jẹ́ ká mí dáadáa. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kò lágbára mọ́, tó bá jókòó, ìfun á já sílẹ̀, igbá ẹran ààlà á ti tẹ́ kó tó fà rárá. Tó bá dùbúlẹ̀, ìfun á ti igbá náà sókè, á sì rí àyè fà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀já fífẹ̀ dì í níkùn, bí ọ̀já ọlọ́mọ tuntun.

Ó wá ku ohùn. Èyí kò nílò Cleveland. Kò lè sọ̀rọ̀ torí ọ̀pá tó wà lọ́rùn rẹ̀ ní bàlúù kékeré kan lára, èyí tó dí ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ má gba gògóńgò kọjá. Tí èémí rẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, tí itọ́ kì í sì í gba ọ̀nà òdì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, àwọn dókítà lè tú bàlúù náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì lè fi fáàfù kékeré kan, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó gba ibẹ̀ jáde, sí ẹnu ọ̀pá, pẹ̀lú ẹ̀rọ náà tó ṣì ń bá a mí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó ti tó àkókò. Ẹ má fọwọ́ kan bàlúù náà fúnra yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u, ẹ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, torí ohùn àkọ́kọ́ a máa kéré, a sì máa gé kélekèle bí ẹ̀rọ bá ṣe ń mí. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ pe orúkọ yín, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló máa ń rọrùn jù.